Àpótí tí Mo Gé Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Títí

Káfíńtà ni bàbá mi. Nílùú wa, Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí àwọn èèyàn ń tì sùn títí di òní, ọwọ́ wọn ló ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ǹṣì tí àwọn akọrin ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi àdúgbò wa. Èmi ọmọ wọn wá ńkọ́? Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Bí mo bá kan ìṣó mọ́ ògiri láti fi kọ́ kàlẹ́ńdà, ògiri á ya, kàlẹ́ńdà á já, àtàǹpàkò mi á sì wú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò dá mi mọ́ àwọn tó máa ń gbà pé àwọn ò mọ nǹkan ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní mi ò lè ṣe é, àfi kí n ṣe é. Ìyàwó mi ní àìsàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti pẹpẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún tí a kó dé ilé tí à ń gbé ní Baṣọ̀run, ìyàwó mi ní òun fẹ́ pẹpẹ sí kíṣìnnì, òun á pe káfíńtà kan. Inú bí mi. Mo ní, "Káfíńtà wo? Ṣé o ò mọ ọmọ ẹni tí o fẹ́ ni?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀. Ọmọ káfíńtà ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ káfíńtà." Mo kan pẹpẹ náà lọ́jọ́ Sátidé kan, mo to gbogbo abọ́ tánganran tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó sórí rẹ̀, mo sì pe ìyàwó mi kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ká tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, pẹpẹ ti kó gbogbo abọ́, ó ti bá wọn wálẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìṣó gbogbo ṣì wà lára ògiri digbí. Wọn ò yẹ̀. Pákó ló já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kan ilé adìẹ. Adìẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó lọ yé ẹyin sábẹ́ mọ́tò onílé. Àlàájì kan tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn wá ni onílé wa; ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, àwa ń gbé òkè. Wọ́n kó ẹyin náà wá fún mi nínú fìlà wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, adìẹ rẹ ní kí n bá òun wá ilé." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Ti àpótí yìí yàtọ̀, torí ọ̀rọ̀ ìyá mi ló wà nídìí rẹ̀. Ìyá mi ló wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ẹbí wa, àti ọmọ àwọn aládùúgbò pàápàá. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é: wọn á jókòó lórí àpótí onígi, wọn á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọn á tẹ́ ọmọ tuntun lé ojúgun, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ á wà lápá ọ̀tún, ọṣẹ dúdú á wà lápá òsì. Bàbá mi ló kan àpótí tí ìyá mi ń lò, ọdún tí wọ́n bí èmi àkọ́bí ni wọ́n kàn án fún wọn. Nígbà tí bàbá mi kú, àpótí ṣì wà. Nígbà tó yá, ikán jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn tí ikán jẹ ẹ́ tán ni àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní àdúgbò Challenge bímọ. Ó ra àpótí rọ́bà fún ìyá wa. Àpótí náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Ìyá mi ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ lórí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan ṣẹ́. Ìdí ni wọ́n fi balẹ̀. Ọmọ kò fara pa, torí bí wọ́n ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n gbé e sókè gbọọrọ bí ẹni tó ń gbé igbá ọrẹ. Ọmọ ò tilẹ̀ sunkún. Ìyá mi ló sunkún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní àwọn ò wẹ ọmọ mọ́.

Ìyàwó mi kò tètè lóyún. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Nígbà tí oyún wá dúró, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n kọrin lórí fóònù, wọ́n gbàdúrà, èmi ń ṣe àmín, àmín. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn wálẹ̀.

"N ó wá," wọ́n ní. "N ó sebẹ̀, n ó fọṣọ, n ó gbé ọmọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ní kí n wẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màámi? Ọmọ tèmi?"

"Ìdí mi ò fọkàn tán ìjókòó kankan mọ́, ọmọ mi. Bí òmíràn bá tún já lábẹ́ mi ńkọ́?"

Ó dùn mí, ó dùn mí wọ eegun. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá, kó wá jẹ́ òun nìkan ni ọwọ́ ìyá mi kò ní wẹ̀ nínú gbogbo ẹbí? Mo sọ fún ìyàwó mi pé n ó kan àpótí fún ìyá mi, irú èyí tí bàbá mi kàn, tí ọkàn wọn á fi balẹ̀ tí wọ́n bá jókòó lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rà á," ìyàwó mi ní.

"Irú ti bàbá mi ò sí lọ́jà."

"Ti bàbá yín ni ò sí lọ́jà. Tiyín, ta ló ní òun fẹ́ ẹ?"

Mo wọ mọ́tò, ó di ọjà pákó ní Bódìjà.

Bí ẹ bá ti dé ọjà yẹn rí, ẹ ó mọ̀ pé èèyàn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó. Eruku pákó bo ojú ọkùnrin tó dá mi lóhùn bí ẹni tó kun àtíkè. Ó pariwo bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi pákó ṣe. Mo pariwo dá a lóhùn pé àpótí ìjókòó ni. Ó ní, "Ṣé kí n júwe káfíńtà fún yín?" Mo ní, "Ṣé mo jọ ẹni tó ń wá káfíńtà ni?" Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́.

Òyìnbó kan nínú fídíò orí fóònù mi ló kọ́ mi ní èyí àkọ́kọ́. Ó ní ìṣó ti di ohun àtijọ́, pé gọ́ọ̀mù nìkan ti tó, bí èèyàn bá ti lè fi okùn di pákó mọ́ra títí tí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Àṣé ojú ọjọ́ ìlú tiẹ̀ ló ń sọ. Òjò ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ náà bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Aṣọ tí a sá ò gbẹ, kí ni ká wá sọ ti gọ́ọ̀mù? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú okùn, àpótí dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní fàràńdà, ó wù mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò rẹ̀. Mo ṣì ń yà á lọ́wọ́ ni Àlàájì gun àtẹ̀gùn dé, wọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù omi tí mo ti ń ráhùn lé lórí. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí n tó yíjú, wọ́n ti jókòó lórí àpótí mi.

Ẹ sọ fún mi, kí ni ǹ bá ṣe? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í sọ fún àgbà pé kó dìde lórí ìjókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì ti ilẹ̀ níbẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ àpótí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Àlàájì ṣe ń ṣàlàyé pé àwọn ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yà lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà, ẹ ṣeun, sà, ó ti yé mi," kí wọ́n lè parí ọ̀rọ̀ kíákíá. Wọn ò parí ẹ̀.

Gbàà! "Súbúhánaláì!" Fìlà gba ọ̀nà tiẹ̀, bàtà gba ọ̀nà tiẹ̀. Ìyàwó mi gbé oyún sáré jáde. Àlàájì wo pákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ wọn, wọ́n wá wò mí.

"Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù náà nìyí?" wọ́n bi mí.

Mo bẹ̀ wọ́n, ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó mi bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Mo dúpẹ́, mo jó, mo pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo rántí pé ìyá mi ti ń di ẹrù, àpótí ò sì tíì sí. Àdúgbò Agbowó ni mo gbà bọ̀ láti ọsibítù lọ́jọ́ náà. Níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan, mo rí àjákù pákó tí wọ́n kó jọ: igi gidi, ó nípọn, wọ́n ti kùn ún ní fáníìṣì, ó ń dán bí bàtà ọjọ́ ọdún. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ máa kó o lọ, wọ́n fẹ́ dáná sun ún ni." Mo kó o sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú ayọ̀. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n fi odindi rẹ̀ ṣe. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn?

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbàgbé òyìnbó àti fídíò rẹ̀. Ìṣó ni mo lò, mo sì kan ìṣó débi tí àpótí fi wúwo bí ọlọ. Mo dúró lé e, mo jó lórí rẹ̀, kò mì. Mo pe Àlàájì láti òkè pé kí wọ́n wá jókòó wò. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti dáhùn: "Èmi ti gba tèmi, ọmọ mi."

Ìyá mi dé lọ́jọ́ kejì tí ìyàwó mi ti ọsibítù dé. Wọ́n gba ọmọ mọ́ra, wọ́n kì í ní oríkì títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí mo ń bá wọn tú ẹrù, mo rí kànìnkànìn tuntun, ọṣẹ dúdú àti ike òrí lábẹ́ aṣọ wọn. Ìyá tí wọ́n ní àwọn ò wẹ ọmọ mọ́ ló ru kànìnkànìn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́! Mo sáré lọ gbé àpótí mi, mo gbé e kalẹ̀ níwájú wọn.

Wọ́n fọwọ́ pa á lórí. Ojú wọn rọ̀.

"Ìwọ lo kan èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ó dán o. Ó dán gan-an."

Orí mi wú. Ṣùgbọ́n ìyàwó káfíńtà ni ìyá mi, ìyàwó káfíńtà kì í sì jókòó lé nǹkan láìwo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí àpótí dojú dé. Àjákù aṣọ funfun kan tó ń dán lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Èmi ti rí i, mo rò pé èyí tí wọ́n fi ń nu fáníìṣì ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, wọ́n gbẹ́ ìdajì àgbélébùú sára igi.

"Kí lèyí?"

"Ó jọ pé àmì ṣọ́ọ̀bù wọn ni, Màámi."

"Àmì ṣọ́ọ̀bù!" Wọ́n fò dìde, wọ́n gbá ọmọ mọ́ àyà. "Yéè! Pósí! Igi pósí ni ọmọ mi fi kan ìjókòó fún mi! Mo ní mi ò wẹ ọmọ mọ́ ni, mi ò ní mo fẹ́ kú!"

Ìyàwó mi tó wà lórí ibùsùn bú sẹ́rìn-ín. Ó di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ibi tí dókítà rán á tú!" Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, wọ́n ń wọ́n omi yí yàrá ká. Ariwo yìí ló gbé Àlàájì gòkè wá. Wọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, wọ́n wo àpótí, wọ́n ní, "Ìnná lílláhì," bí ẹni tó gbọ́ òkú, wọ́n sì gbé e lọ dáná sun lẹ́yìn ilé. Àgbàdo wà nílé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà láti fi iná yẹn sun ún.

Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí. Nígbà náà, ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ìyá mi lójú. Orí àga tìmùtìmù ni wọ́n ń jókòó, ìyàwó mi á máa fi táwẹ̀lì tútù nu ọmọ lára, wọ́n á máa júwe fún un láti òkèèrè: "Nu abẹ́ ọrùn rẹ̀. Má gbàgbé abíyá. Na apá yẹn, nà án, kò ní kán." Ọwọ́ àwọn fúnra wọn á sì máa lọ, á máa bọ̀ lórí itan wọn, bí ẹni pé àwọn ló ń nù ún. Bí mo bá ti rí ọwọ́ yẹn, oúnjẹ kì í wù mí jẹ mọ́. Ìyàwó mi náà rí i. Ó sọ fún mi ní kíṣìnnì pé, "Ẹ lọ wá nǹkan ṣe. Màmá fẹ́ wẹ ọmọ yìí, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

Ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀. Pákó Bódìjà tó kù ni mo lò, mo sì jẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé Bódìjà ni mo ti rà á. Ní fàràńdà ni mo ti kàn án lọ́jọ́ Sátidé. Ó le, ìṣó rẹ̀ wọlé, kò sí ibi tó ń yẹ̀, àmọ́ ó ń mì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ níwájú, á dà síwájú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, á dà sẹ́yìn. Ìyá mi gbé ọmọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wò mí.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wà níwájú ló gùn jù," wọ́n ní. "Gé e díẹ̀."

Mo mú ayùn, mo gé e. Ó ṣì ń mì. Àsìkò yẹn gan-an ni Àlàájì gbé iṣu wá kí ìyá ìkókó. Wọ́n gbé iṣu kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ojú kan.

"Ẹsẹ̀ òsì tó wà lẹ́yìn ni," Àlàájì ní.

"Rárá o, Àlàájì, ọ̀tún ni," ìyá mi dáhùn.

"Ẹ má bínú, Ìyá, òsì ni."

Ta ni n ó gbọ́ tiẹ̀, ta ni n ò ní gbọ́ tiẹ̀? Ìyá tó bí mi rèé, onílé tí mo ti dà wó lẹ́ẹ̀kan rèé. Mo gé ọ̀tún nítorí ìyá mi, mo gé òsì nítorí Àlàájì. Àpótí wá ń dà sí ìhà kejì. Ìyá mi ní ó yẹ kí n gé òsì iwájú, Àlàájì ní ọ̀tún ẹ̀yìn ló ń fa gbogbo wàhálà. Mo gé méjèèjì. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Wọn ò jà o, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó gbóhùn sókè; ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń bára wọn sọ, "Ẹ má bínú, Ìyá," "Ẹ ṣé, Àlàájì, ṣùgbọ́n ẹ tún un wò," èmi tí mo wà láàárín ni mo ń jìyà ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Òógùn bò mí. Àjákù ẹsẹ̀ àpótí kún ẹ̀gbẹ́ mi bí ègé iṣu tí wọ́n fẹ́ fi dín dùndú. Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ pé ó tó. Ẹ̀yin, ẹ lè sọ fún àgbà méjì pé ó tó?

Ìyàwó mi ló yọjú láti pálọ̀. Ó wò wá títí, ó ní, "Ṣé ẹ ti gbé e wọlé wò?"

Ó fi ọwọ́ kan gbé àpótí, torí ó ti fúyẹ́ nígbà náà, ó gbé e kalẹ̀ lórí táìlì pálọ̀. Àpótí dúró gbọnin. Ó tẹ̀ ẹ́ níwájú, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kò mì. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Bóyá wọ́n ti dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá bí mo ṣe ń gbọ́ ti ìyá mi tí mo ń gbọ́ ti Àlàájì bákan náà ló mú wọn dọ́gba, Ọlọ́run ló mọ̀. Ilẹ̀ fàràńdà ni kò dọ́gba. Gbogbo wa yíjú wo Àlàájì tó kọ́ fàràńdà. Àlàájì wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní àsìkò ìrun ti tó, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló wá kù? Ohun tó wà lórí táìlì náà kò ga ju búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ní òun á máa gé ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀. Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wo àtàǹpàkò mi tó wú. Bàbá mi ì bá ti kan èyí tán kí ọbẹ̀ tó hó. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́, mo sì nu ojú kí ẹnikẹ́ni tó rí mi.

Igbe ọmọ ló gbé mi dìde. Ó ti ṣu, ìgbẹ́ ti gun ẹ̀yìn dé ọrùn. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ti táwẹ̀lì tútù. Nígbà tí mo máa fi wọlé, ìyàwó mi ti gbé e sínú bàsíà, ó fi ọṣẹ pa á lára, ọmọ ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, ó ń ké tantan. "Ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi! Màmá, ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi!" Òun náà ti ń sunkún.

Ìyá mi dìde lórí àga tìmùtìmù. Wọ́n wo ọmọ. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n wá wo ohun tí mo pè ní àpótí, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í, kò yẹ̀.

"Wá," wọ́n sọ fún mi. "Jókòó lé e."

Mo jókòó. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi.

"Mi ara rẹ dáadáa."

Mo mi ara, ọ̀tún, òsì. Kò dún.

"Dìde."

Wọ́n di ìró wọn le, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé èjìká mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n lọ, ọ̀nà náà jìn. Wọ́n di èjìká mi mú pinpin, èmi ń gbàdúrà nínú. Nígbà tí ìdí wọn kàn án, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú. Wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì, wọ́n wo ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n ní itan. Ni ẹ̀rín bá gbé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "bí mo bá ní n ó ṣubú lórí èyí, níbo ni mo fẹ́ ṣubú dé? Mo ti dé ilẹ̀ ná! Ẹ gbé ọmọ mi fún mi. Ìwọ, lọ mú kànìnkànìn nínú ẹrù mi."

Mo sáré. Wọ́n tẹ́ ọmọ lé ojúgun, wọ́n bu omi sí ọwọ́ wọn wò, wọ́n bù ú sí i lára. Ọmọ ké, ó gbọ́ ohùn wọn, ó rọra dákẹ́. Wọ́n fi kànìnkànìn wẹ abẹ́ ọrùn, wọ́n wẹ abíyá, wọ́n na apá, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi òrí ra orí rẹ̀. Wọ́n dì í mú ní apá méjèèjì, wọ́n gbọ̀n ọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n jù ú sókè díẹ̀, wọ́n hán an, wọ́n ń kì í ní oríkì bàbá mi. Ìyàwó mi dì mí mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ò mọ èyí tí mo ń ṣe.

Wọ́n wé ọmọ tán, wọ́n gbójú sókè wò mí láti ilẹ̀ níbẹ̀.

"Ti bàbá rẹ dára ju èyí lọ o."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Ó dára jù ú lọ dáadáa. Ọmọlúàbí lásán kọ́ ni bàbá rẹ, ó mọ iṣẹ́." Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Ó yá, wá fà mí dìde. Jíjókòó ò le, dídìde ni iṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà títí tí ìyá mi fi kúrò n'Ìbàdàn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wẹ ọmọ lórí àpótí yẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fà wọ́n dìde. Bí mo bá ṣì wà lọ́nà Dùgbẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọn á jókòó síbẹ̀ dè mí, wọn á máa bá ọmọ ṣeré nílẹ̀. Àlàájì náà ní kí birikìlà wá tẹ́ fàràńdà lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀, àwa náà ò béèrè.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi ń padà lọ, gbogbo wa la sìn wọ́n dé gáréèjì ní Ọ̀jọ́ọ̀. Mo ti fi bébà wé àpótí náà, mo dè é mọ́ ẹrù wọn, kí wọ́n lè fi rọ́pò èyí tí ikán jẹ. Ọkọ̀ ti fẹ́ kún. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n tú u kúrò nínú ẹrù, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ padà.

"Ta ni n ó wẹ̀ lórí rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́?" wọ́n bi mí. "Gbé e padà sílé. Má jẹ́ kí ikán rí i. Èmi ni n ó wẹ èkejì."

"Èkejì kẹ̀, Màmá?" ìyàwó mi figbe ta, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá mi fọwọ́ pa ọmọ lórí. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n jókòó ti fèrèsé, wọ́n gbàdúrà fún wa, a ṣe àmín. Ọkọ̀ ti ń lọ nígbà tí wọ́n tún yọ orí síta, wọ́n na ìka sí mi lójú gbogbo èrò gáréèjì.

"Má sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ o!"